Àwọn Tí Ń Gbé Èrò Líle Wá Síta

Ká ní ẹ ń kọjá lẹ́bàá adágún odò, ẹ sì rí ọmọdé tó ń rì. Omi náà ò jìn. Aṣọ yín nìkan ló máa bà jẹ́. Ta ló máa kọjá lọ nínú wa? Ìbéèrè tí Peter Singer, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà ọmọ Ọsirélíà, gbé kalẹ̀ ní 1972 nìyẹn, lẹ́yìn tí ogun ti lé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn kúrò ní Ìlà-Oòrùn Bẹ̀ǹgálì. Bí ẹ bá ti dáhùn pé ẹ ó yọ ọmọ náà, ó ti mú yín: kí ló dé tí ẹ ń ra aṣọ kún aṣọ nígbà tí ebi ń pa ọmọ ẹlòmíì kú lókèèrè?

Bí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà ṣe máa ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibi tí gbogbo wa ti gbà ni wọ́n ti ń mú wa, wọ́n á sì fà wá díẹ̀díẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ wa ń kọ̀. Àwọn mìíràn ń gba ọ̀dọ̀ ìjọba: ìgbìmọ̀ tí Mary Warnock ṣe alága rẹ̀ ní Bìrìtéènì láti 1982 ló dábàá pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọlẹ̀ ṣèwádìí kọjá ọjọ́ 14. Àbá náà di òfin ní 1990.

Ọ̀nà Singer le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ló sọ pé, nígbà míì, ó yẹ kí òbí lè yàn láti fòpin sí ẹ̀mí ìkókó tí àbùkù ara rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ní Jámánì, níbi tí ìjọba Hitler ti pa akanda ẹ̀dá lọ bẹẹrẹ, wọ́n fagi lé ìpàdé tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ní 1989. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Princeton ní 1999, àwọn akanda ẹ̀dá gbé àga onítáyà wọn wá fẹ̀hónú hàn.

Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ìtàn yìí ni Harriet McBryde Johnson, agbẹjọ́rò láti South Carolina, tí àìsàn iṣan ti ń bá fínra láti kékeré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bínú pé ó gbà láti bá Singer jókòó. Síbẹ̀ ó lọ sí Princeton ní 2002, ó sọ fún un níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ayé irú òun dùn, pé àwọn tí ń káàánú òun kò mọ̀ ọ́n. Kò yí Singer lérò padà, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ti fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn àti ètò rédíò, bí ẹ bá fẹ́ pe ọ̀mọ̀wé wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀mí àwọn kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn náà.