Aṣàlékún Ipá Ìyí: Orúkọ Rẹ̀, Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Bí a Ṣe Ń Yàn Án

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí níbi ìsọmọlórúkọ ni ó rí nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá wo iṣẹ́ tí ẹ̀yà ẹ̀rọ kan ń ṣe fínnífínní kò lè fún un ní orúkọ tí yóò ran òǹkàwé lọ́wọ́. Ẹ̀yà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "torque converter" jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì fún ọ̀rọ̀ yìí. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wà, láàrin ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn láti máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn ṣe kí ó lè sáré ju bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é lọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yíyàn ẹ̀yà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni ó ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ó bá ṣì í yàn, owó rẹ̀ ṣòfò, àpótí jíà rẹ̀ sì lè jóná. Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni àṣìṣe náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe

Hermann Föttinger, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìkan-ọkọ̀-omi Vulcan ní ìlú Stettin, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1905. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ní lọ́kàn nígbà náà, kì í ṣe ọkọ̀ orí ilẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1948, ilé iṣẹ́ Buick ní Amẹ́ríkà lo irú rẹ̀ nínú àpótí jíà tí wọ́n pè ní Dynaflow.

Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ìkarahun rẹ̀, epo jíà sì kún inú rẹ̀ bámú. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní, èyí tí ń ti epo síta sí ara abẹ̀bẹ̀ kejì. Abẹ̀bẹ̀ kejì gba agbára epo náà, ó sì gbé e fún àpótí jíà. Epo tí ó ń padà bọ̀ láti ara abẹ̀bẹ̀ kejì ìbá máa dènà abẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kẹta tí ó wà láàrin wọn ń darí rẹ̀ kí ó lè bá ìyípo ẹ́ńjìnnì lọ. Ìdarí yìí ni ó ń mú kí ipá tí ó yí ọ̀pá àpótí jíà pọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì mú wá lọ, nígbà mìíràn tó ìlọ́po méjì tàbí kí ó lé díẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Nígbà tí ìyípo abẹ̀bẹ̀ kejì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èkíní dọ́gba, kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́nà-kan yóò tú abẹ̀bẹ̀ kẹta sílẹ̀ kí òun náà máa yí. Láti ìgbà náà lọ, àlékún dópin.

Ẹnìkan lè fẹ́ pe abẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní ní "atì", kí ó sì pe èkejì ní "àtì", nítorí pé ọ̀kan ń tini, a sì ń ti èkejì. Gírámà gba èyí, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ni a sì ń tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Ó sàn láti pè wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ olùtì, abẹ̀bẹ̀ olùgbà àti abẹ̀bẹ̀ olùdarí.

Ipá ni, kì í ṣe agbára

Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ, "ayípadà" ni yóò pe ẹ̀yà yìí. Orúkọ náà kò sọ ohun tí ó ń yí padà, kò sì sọ ohun tí ó ń yí i padà sí. "Aṣàlékún agbára" tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé irọ́ ni. Kò sí ẹ̀rọ tí ń mú agbára jáde ju èyí tí a fi sínú rẹ̀ lọ. Ohun tí abẹ̀bẹ̀ olùgbà jèrè ní ipá, ó ti pàdánù rẹ̀ ní ìyípo, díẹ̀ sì bá ooru lọ. Nítorí náà ni "aṣàlékún ipá ìyí" ṣe tọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí kò ní retí pé kí ó sọ ẹ́ńjìnnì ọ̀lẹ di alágbára.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà

Iye kan wà tí àwọn olùtajà máa ń kọ sí ara aṣàlékún. Wọ́n lè kọ 1,800, wọ́n lè kọ 2,800, "stall" sì ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni awakọ̀ máa ń lò bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì. Ògbufọ̀ tí ó bá sáré kọ "ìyípo ikú ẹ́ńjìnnì" yóò mú kí òǹkàwé máa sá fún iye ńlá. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ọkọ̀ tí a ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, iye tí ó kéré jù gan-an ni ó lè máa pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn mìíràn rò pé ìyípo tí ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ lè gbéra kí ẹ́ńjìnnì tó dé iye náà rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an nìyí: bí a bá di abẹ̀bẹ̀ olùgbà mú kí ó má lè yí, tí a sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ní iye ìyípo kan tí ẹ́ńjìnnì kò lè kọjá. "Ìyípo ìdìmú" ni orúkọ tí ó bá a mu, nítorí pé ó sọ ohun tí a ṣe sí abẹ̀bẹ̀ olùgbà kí iye náà tó hàn.

Iye náà kì í ṣe ti aṣàlékún nìkan. Bí ipá tí ẹ́ńjìnnì ń fún un bá di 1.44 ti àtẹ̀yìnwá, ìyípo ìdìmú yóò di 1.2 ti àtẹ̀yìnwá. Aṣàlékún tí ó fi 2,000 hàn lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kan lè fi 2,400 hàn lẹ́yìn èyí tí ó lágbára jù ú lọ. Ìbú rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Bí ohun gbogbo yòókù bá dọ́gba, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10 kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ipá tí onííǹṣì 12 ń gbà ní ìyípo kan náà.

Àpẹẹrẹ kan

Kí a mú ọkọ̀ Chevrolet kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 5.7, tí àpótí jíà rẹ̀ sì jẹ́ Turbo-Hydramatic 350 onípò mẹ́ta. Ẹni tí ó ni ín ti pààrọ̀ ọ̀pá káàmù tí ń ṣí fáàfù tí ó sì ń pa wọ́n dé. Ọ̀pá tuntun náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa títí ìyípo yóò fi dé 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí aṣàlékún àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, tí ìyípo ìdìmú rẹ̀ kò ju 1,700 lọ, ọkọ̀ náà yóò máa gbọ̀n níbi iná adarí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè kú, kò sì ní fi ìkánjú gbéra. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ìyípo ìdìmú fi nǹkan bí 500 ju ibi tí ọ̀pá káàmù ti ń jí lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 2,500 ni.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òòjọ́ ni, kì í ṣe ti ìdíje nìkan. Bí ó bá ń sá kìlómítà 105 ní wákàtí kan, mítà 1,750 ni ó ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66 yóò yípo bí ìgbà 845. Bí jíà ẹ̀yìn bá jẹ́ 3.08 sí 1, ẹ́ńjìnnì yóò yípo bí ìgbà 2,600 ní ipò kẹta. Aṣàlékún tí ìyípo ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 2,500 bá a mu. Èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 3,500 yóò máa yọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, yóò máa jẹ epo bẹntiróòlù, ooru rẹ̀ yóò sì máa ba epo jíà jẹ́. Bí jíà ẹ̀yìn bá jẹ́ 3.73 sí 1, ẹ́ńjìnnì yóò yípo bí ìgbà 3,150, a sì lè yan 2,800 láìséwu. Nítorí náà, ọ̀pá káàmù, jíà ẹ̀yìn àti táyà ni a ń kọ́kọ́ yàn. Aṣàlékún ni ó ń gbẹ̀yìn.

Ọ̀nà mìíràn láti dín yíyọ̀ kù ni kílọ́ọ̀ṣì ìdèpọ̀, tí ń de abẹ̀bẹ̀ olùgbà pọ̀ mọ́ ìkarahun nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń sáré geere. Packard lò ó ní ọdún 1949, Chrysler dá a padà fún ọkọ̀ ọdún 1978, àpótí jíà 700R4 tí ó jáde ní ọdún 1982 náà sì ní i. Níbi tí kò bá sí, kí a fi ẹ̀rọ ìmú-epo-jíà-tutù kún un. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dán ìyípo ìdìmú wò kò gbọdọ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, nítorí gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ni ó ń di ooru nínú epo náà.

Ohun tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè rí kọ́

Ẹni tí ó ka "ìyípo ikú" yóò ra 1,700, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì máa kú níbi iná. Ẹni tí ó ka "aṣàlékún agbára" yóò ra 3,500, àpótí jíà rẹ̀ yóò sì jóná ní òpópónà. Ẹni tí ó ka "ìyípo ìdìmú" yóò béèrè pé: kí ni a dì mú, ẹ́ńjìnnì wo ni ó sì ń tì í? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó yẹ kí ó bi olùtajà kí ó tó san owó.