Ayálégbé tí ó Kó Jáde Kí Ọdún Tó Pé
Láti ọdún 2011 tí a ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọyẹ́, tí ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni ó ń san owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá kó jáde ní oṣù kẹrin ńkọ́? Fífi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nìkan kò tú àdéhùn ká. Onílé gbọ́dọ̀ gba ilé padà. Bí kò bá gbà, owó náà di tirẹ̀, àfi bí ìwé àdéhùn (tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà) bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ayálégbé mìíràn sínú yàrá náà gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, ó ti fi ìṣe gbà á padà. Ní ojú tèmi, kò tọ́ kí ó gba owó oṣù kan náà lọ́wọ́ ènìyàn méjì.