Ràmádàánì Ọdún Tí N Kò Lè Gba Ààwẹ̀

Ní ọdún 2024, ọjọ́ 11 oṣù kẹta ni ààwẹ̀ Ràmádàánì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù lé ni dókítà sọ fún mi pé ọgbẹ́ inú tó ń yọ mí lẹ́nu kò tíì jiná, pé n kò gbọdọ̀ pa oògùn jẹ, n kò sì gbọdọ̀ fi ebi dálẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Nígbà tí oṣù lé, mo jí sààrì bí àwọn ẹgbẹ́ mi, mo gbààwẹ̀. Ojú ń tì mí láti máa jẹun lọ́sàn-án láàárín àwọn tí a jọ ń tò sẹ́yìn lèmọ́mù kan náà. Ní ọjọ́ kẹta, kí aago méjì ọ̀sán tó lù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní ẹ̀yìn ilé ìkàwé.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ àáfà láti Ìwó, ló wá gbé omi fún mi. Ó wò mí títí, ó ní: "Ta ni o ń gba ààwẹ̀ yìí fún?"

N kò rí èsì fọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí pé kí ni ó wà fún. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó wádìí.

Ràmádàánì ni oṣù kẹsàn-án nínú kàlẹ́ńdà Híjírà. Oṣù ojú ọ̀run ni kàlẹ́ńdà yìí ń tẹ̀ lé, ọdún rẹ̀ sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ti kàlẹ́ńdà tí a fi ń ka ọjọ́ ìdánwò. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, tó fi ń bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà kan, tó tún ń bọ́ sínú òjò nígbà mìíràn. Ní 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò bẹ̀rẹ̀: ní oṣù kìn-ín-ní àti ní ìparí oṣù kejìlá. (Kí ẹni tó bá máa wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà yáa múra.)

Oṣù yìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Àlùkùránì kalẹ̀ fún Ànábì Muhammad, ohun tó gbé e ga ju àwọn oṣù yòókù lọ nìyẹn. Òru tí ó ṣẹlẹ̀, Lailatul-Kádírì, ni àwọn Mùsùlùmí ń wá nínú òru mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn. Ààwẹ̀ oṣù náà di ọ̀ranyàn ní ọdún kejì tí Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, èyí tó bọ́ sí 624. Láti ìgbà tí ojúmọ́ bá ti ń là títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí ìbálòpọ̀ tọkọtaya. Ahọ́n náà ń gbààwẹ̀: irọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn a máa jẹ èrè rẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, bí ikùn tilẹ̀ ṣófo.

Ohun tí n kò kíyè sí rí ni pé ibi tí àṣẹ ààwẹ̀ wà nínú Súrà Bákárà náà ni ìyọ̀ǹda wà. Àṣẹ wà ní áyà 183; áyà 184 tó tẹ̀ lé e ti dárúkọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò, pé kí wọ́n gba iye ọjọ́ tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ padà ní ọjọ́ mìíràn. Áyà 185 tún un sọ, ó sì fi kún un pé ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun ń fẹ́ fún wa, kì í ṣe ìnira. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ gbà á rárá, yóò san án padà tó bá yá. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa tó ń fara pamọ́ jẹ bisikíìtì nítorí àwa ọkùnrin tó ń bi wọ́n pé ṣé wọn kò gbààwẹ̀ ni. Ìbéèrè burúkú ni.

Mo pe bàbá ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Mo bi wọ́n bóyá kí n kúkú máa bọ́ tálákà kan lójúmọ́, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ìyẹn wà fún arúgbó àti ẹni tí a kò retí pé àìsàn rẹ̀ yóò lọ. Ìwọ yóò sàn, ín ṣá Àlláhù. Gbèsè ni tìrẹ. Jẹun, kí o lo oògùn rẹ."

Bí mo ṣe di ajísààrì nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ orúkọ yìí. Kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń lu ìlù kiri àdúgbò lóru, tí wọ́n ń kọrin wéré láti jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì. Inú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré kó tó sọ ọ́ di fújì. Nítorí náà, orin tí ẹ ń jó ní pátì ọjọ́ Sátidé, ìdí oúnjẹ ìdájí ló ti wá. Èmi kò lóhùn orin ní tèmi. Ṣíbí àti ìkòkò ni mo ń lù láti yàrá dé yàrá ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n sì ń bú mi kí wọ́n tó dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo ń po ògì, èmi ni mo ń tò lọ́dọ̀ ìyá alákàrà, tí mo ń pín dàbínù mẹ́ta-mẹ́ta. Ànábì sọ pé ẹni tó bá fún aláààwẹ̀ ní ìṣínu yóò gba irú èrè rẹ̀, láìdín nínú ti aláààwẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a túnu, a dáwó ra ìrẹsì fún sàká ìtúnu. Ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọdọ̀ dé ọwọ́ aláìní ṣáájú ìrun yídì. Ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ààwẹ̀ wà nínú kíkà. Èmi náà wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń wọn tèmi sínú ọ̀rá, ọkàn mi balẹ̀ ju ti ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi agídí gbà lọ.

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé, a ṣọdún ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Gbèsè ọjọ́ 28 ló wà lọ́rùn mi. Oṣù kẹwàá ni dókítà tó gbà fún mi, mo sì pinnu láti máa san án ní ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì. Ní ìdájí Àtìní àkọ́kọ́, mo ṣì ń sùn nígbà tí mo gbọ́ ṣíbí lórí ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ọmọ àáfà ló dúró síbẹ̀, ó ti po ògì.