Ìlú Tí Ọ̀nà Kọ́: Fífi Ẹsẹ̀ Rin Ìkirè àti Àpòmù

Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí wọ́n ń lọ sí Venice ní orílẹ̀-èdè Ítálì kì í fi mọ́tò ká ìgboro, nítorí pé omi ni ó rọ́pò títì níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti orí afárá kan bọ́ sí orí òmíràn nínú àwọn afárá tí iye wọn lé ní 400, bí wọ́n sì ti ń rìn ni wọ́n ń rí i pé omi tí ọkọ̀ ń gbé ọjà gbà kọjá ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí odò tó ṣeé tukọ̀ jìnnà kò ti pọ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orí sì ni àwọn oníṣòwò fi ń ru ẹrù wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe ń kọ́ ìlú, àti bí ó ṣe ń tú u, kò ní ṣìnà bí ó bá gba Ìkirè àti Àpòmù lọ, láàrin Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ìlú méjèèjì súnmọ́ra débi pé àlejò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì kí ó má fura, bẹ́ẹ̀ Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan. Àkirè ni ọba ti àkọ́kọ́, Alápòmù ni ti èkejì, kò sì bọ́gbọ́n mu kí àlejò pe ọ̀kan mọ́ èkejì.

Ọjà Àpòmù ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ ronú kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti tajà, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà mọ ojú ọ̀nà ọ̀hún, wọ́n sì ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé tà sí oko ẹrú. Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, sọ pé àwọn ìjòyè ńlá Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu, ọba Òwu, pé kí ó fòpin sí ìwà yìí, Òwu sì dìde, ó fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lábẹ́ Ifẹ̀, tí Àpòmù àti Ìkirè wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare ní ọjà kan náà láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú, èyí tó mú kí Ìjẹ̀bú, tó ní ìbọn lọ́wọ́, dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, tí wọ́n sì dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀ títí ó fi tú. Ataare kọ́ ni ó fa ogun ní tòótọ́; ẹni tó bá ni ọjà ni ó ni ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ń jà sí nìyẹn.

Ọ̀nà náà ṣì ń bọ́ ìlú. Dòdò Ìkirè, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń rà lójú fèrèsé, jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá èyí tí ènìyàn lè dín lásán, tí a gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí a ṣù róbóróbó, tí a sì dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Èrò ọkọ̀ kì í rí ju igbá tí wọ́n pàtẹ ẹ sí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi títì márosẹ̀ sílẹ̀, tó wọ àárín ilé, tó sì kí àwọn ìyá tó ń dín in dáadáa kí ó tó yọ fóònù láti ya àwòrán, lè rí iṣẹ́ náà láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé orí iná.

Orílé-Òwu, níbi tí àwọn àtìpó Òwu padà wá tẹ̀dó sí lẹ́yìn ogun, jìnnà ju èyí tí àlejò lè fi ẹsẹ̀ rìn ní ìrọ̀rùn. Kí ó gun ọ̀kadà tàbí kí ó wọkọ̀ láti Àpòmù.