Ẹnu Tó Mọ Àgbàdo Sísun

Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀ ní Ṣàngó Toll Gate, tí àwọn kọ́ńdọ́ ń pariwo "Ṣàngó, Ọ̀tà, Ifọ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", òórùn kan wà tó máa ń borí èéfín mọ́tò: òórùn àgbàdo sísun. Owó ibodè tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá alágbàdo ò kúrò. Oníbàárà tó gbọ́n kì í sáré sanwó. Á ní kí ìyá yí àgbàdo padà kí òun rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò fẹ́ èyí tó ṣì funfun, kò fẹ́ èyí tó ti di èédú. Èyí tó pọ́n dáadáa ló ń wá, tó máa kọ́kọ́ dùn, kó tó wá korò díẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìyẹn ṣe ti mọ ìdajì iṣẹ́ àwọn tó ń dá ẹjọ́ bíà pupa tí òyìnbó ń pè ní red ale.

Ilẹ̀ Ireland ni bíà yìí ti lókìkí jù. Lọ́dún 1710 ni John Smithwick bẹ̀rẹ̀ ìpọntí ní Kilkenny, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ìgò títí dòní. Àwọn ilé ìpọntí kéékèèké káàkiri ayé náà ti ń pọn tiwọn báyìí. Wọ́n á rẹ ọkà bálì sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á mú un gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná fa adùn rẹ̀ jáde. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ bá pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí á ti máa rẹ́rìn-ín: títí dé ibí yìí, ọkà nìkan ló fi yàtọ̀. Ní ti pupa rẹ̀, ọkà díẹ̀ tí wọ́n yan títí tó fi dúdú ló ń fà á. Bí ó bá pọ̀ jù, bíà náà á di dúdú bíi stout.

Ìgò tí a ń pè ní bíà níbí, lager ni, inú òtútù ni ìwúkàrà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ale kì í fẹ́ òtútù bẹ́ẹ̀, bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti bùrùkùtù kò ṣe fẹ́ ẹ. Àjèjì tí à ń sọ yìí wá jọ ọtí ìyá àgbà wa ju bíà Star lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, BJCP, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 láti máa kọ́ àwọn adájọ́ bíà. Máàkì 50 ni wọ́n ń pín: 12 fún òórùn, 3 fún ìrísí, 20 fún adùn, 5 fún bó ṣe rí lẹ́nu, 10 fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Pupa tí wọ́n fi sọ ọtí náà lórúkọ, inú máàkì 3 yẹn ló há sí. Ẹlẹ́mu kankan ò ní bá wọn jiyàn: ojú kọ́ la fi ń mọ ẹmu tí wọ́n bomi là.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ìgò bíà pupa kan bọ̀ láti ìrìn àjò. A gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ẹmu lẹ́yìn títì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tọ́ ọ wò." Ọmọdé kan ti ń sáré gbé yìnyín bọ̀, ẹ̀gbọ́n dá a dúró: òtútù á pa ahọ́n òun. Ó dà á sínú ife dígí, ó gbé e sókè síná. Ó mọ́ gaara, ó pọ́n bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mu ún.

"Búrẹ́dì tó jó létí," ló wí. "Ṣúgà tó jó nísàlẹ̀ ìkòkò náà wà níbẹ̀. Ìkorò rẹ̀ ò tó ti ewúro, ti orógbó tó ti ń tán lẹ́nu ni." Ó dákẹ́. "Àmọ́ kò kan. Ọtí tí kì í kan, ẹ̀rù ẹ̀ máa ń bà mí."

Ibẹ̀ ni àwa àti àwọn tó ń pọn bíà pupa ti pínyà. Ẹmu tó dùn láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kan bó bá dalẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ẹnìkan ti wọ̀ ọ́. Bùrùkùtù náà, kíkan wà lára ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bíà pupa bá kan, àìsàn ni. Bó bá sì ń rùn bíi páálí tí òjò pa, ó ti pẹ́ jù, atẹ́gùn ti bà á jẹ́.

Tiwa náà ṣeé ṣe. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí wa yíjú sí. Ní Ọ̀tà níbí, ilé ìpọntí tó jẹ́ ti Sona tẹ́lẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Nigerian Breweries. Àwọn onímọ̀ ti fi orógbó àti ewúro dán iṣẹ́ hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, wò. Pupa ńkọ́? Àwọn tó ń ta wàrà ti ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró tipẹ́.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n fún bíà náà ní máàkì. Ó ní kí n kọ́kọ́ ra àgbàdo sísun kan wá, kí òun fi wọ̀n ọ́n. Ó gé e jẹ, ó mu bíà lé e, ó tún gé e jẹ.

Ó ní àgbàdo náà ló jó jù.