Ọ̀dà lè sọ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ di tuntun, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún òjé

Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Òwe yìí ló bá ọ̀pọ̀ ayálégbé ìlú Èkó mu lásìkò tí pákó àti owó iṣẹ́ káfíńtà wọ́n gógó yìí. Nínú àwọn fúláàtì tó ti pẹ́, bíi ti Festac tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún ọdún 1977, àti àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ láàrin ọdún 1979 sí 1983, kì í ṣòro láti rí ilé ìdáná tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dúdú fún èéfín àti epo. Ẹni tí kò bá lówó òmíràn lè kun ọ̀dà sí i.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kò fura sí: òjé inú ọ̀dà àtijọ́.

Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà máa ń po òjé mọ́ ọn kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn ketekete, kí ó sì tètè gbẹ. Amẹ́ríkà fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé lọ́dún 1978. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2007 lórí ọ̀dà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà fi hàn pé òjé inú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè sọ pé kò léwu fún ọmọdé. Ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì ń pa oyún lára. Ẹ rántí ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé inú erùpẹ̀ tí wọ́n ti ń wa góòlù ti pa ọmọ tó lé ní 400. Ti ọ̀dà kì í yára bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń bó, kí ẹnikẹ́ni má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, kí wọ́n má sì fi iná sun ún. Eruku rẹ̀ ni májèlé. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n bo imú dáadáa, kí ọmọdé àti aláboyún kúrò nílé, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá ń ra ọ̀dà tuntun, kí wọ́n wá èyí tí wọ́n kọ sí ara agolo rẹ̀ pé kò ní òjé.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n á kó ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù jáde, wọ́n á tú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà sí wọn kí wọ́n lè padà sí ààyè wọn. Fífọ̀ ló ṣe pàtàkì jù: ọṣẹ àti omi gbígbóná, títí gbogbo epo á fi kúrò, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó bá lépo. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi pọ́tì dí ihò, wọ́n á kun ọ̀dà àkọ́kùn, kí wọ́n tó kun èyí tó ń dán, tó ṣe é fọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí ìkejì tó gun orí rẹ̀. Lásìkò òjò, ìyẹn lè ju ọjọ́ kan lọ.

Pákó tí omi ti wú tàbí tí ikán ti jẹ, ọ̀dà kò lè tún un ṣe. Ayálégbé sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kó tó fọwọ́ kan ohun tó bá nínú ilé.

Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ wà nílé, bí ọmọ bá tẹ̀ yín láago láti Èkó pé òun fẹ́ kun ilé ìdáná, ẹ má wulẹ̀ bi í pé èló ni ọ̀dà. Ẹ bi í pé ta ni yóò ha ti àtijọ́ kúrò, àti pé níbo ni àwọn ọmọ yóò wà lọ́jọ́ náà.