Àlejò ní Ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́: Ẹnu Ọ̀nà Ni Ẹ̀kọ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sẹ̀lẹ́, yóò bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé. Àṣẹ tí Ọlọ́run pa fún Mósè nídìí igbó tó ń jó ni wọ́n ń tọ́ka sí. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni Samuel Bilewu Oshoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1947.

Obìnrin gbọ́dọ̀ bo orí. Ọ̀tọ̀ ni ìjókòó ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Kí tọkọtaya má bínú. Sùtánà funfun ni ọmọ ìjọ ń wọ̀. Wọn kì í wọ aṣọ pupa tàbí dúdú, ó sì yẹ kí àlejò náà yẹra fún un. Tùràrí yóò máa rú, àbẹ́là yóò máa jó lórí pẹpẹ, gbogbo ìjọ yóò kúnlẹ̀, wọn yóò forí kanlẹ̀.

Èyí tó gbẹgẹ́ jù ni pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ inú ilé ìsìn. Ìtìjú ńlá ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àlejò padà lójú àwùjọ. Ẹni tó pè é ló yẹ kó ti là á yé e láti ilé. Àlejò náà kò sì gbọdọ̀ tijú àtibéèrè: abéèrè kì í ṣìnà.